Ẹ̀rọ Tí A Rà Kò Mọ Èédú Wa

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di àkọ́sórí lẹ́nu àwọn ènìyàn wa, tí tọmọdé tàgbà ń wí, láti ibi ìpàdé àwọn ọmọ bíbí ìlú ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin títí dé gbọ̀ngàn àwọn aṣòfin ní Abẹ́òkúta àti ní Àbújá, tí a sì ti wí i tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí kò fi sí ẹni tí ń bèèrè mọ́ bóyá òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà ni pé rírà là ń ra ẹ̀rọ, a kì í wádìí rẹ̀. Pé àwọn òyìnbó ti parí gbogbo iṣẹ́ tó wà nínú wíwa èédú ilẹ̀, nínú fífọ̀ ọ́ àti lílọ̀ ọ́, nínú kíkó o jọ àti gbígbé e láti ibì kan dé ibòmíràn. Pé ohun tó kù fún wa kò ju kí a kó owó sílẹ̀, kí a ránṣẹ́ pe oníṣòwò ẹ̀rọ láti òkè òkun, kí a sì dúró de ọjọ́ tí yóò tan iná sí i. Bí ẹnìkan bá ní kí a ná owó sí yàrá ìwádìí, wọn a ní owó náà bọ́ sódò. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn ènìyàn tí mo bọ̀wọ̀ fún, àwọn ènìyàn tó fẹ́ràn ìlú yìí dénú; síbẹ̀ n kò gbà á, nítorí mo mọ̀ dájú pé òun gan-an ni ó sọ ọrọ̀ abẹ́ ilẹ̀ wa di ẹrù tí a gbé karí fún ọgọ́rùn-ún ọdún tí a kò sì rí i sọ̀ kalẹ̀.

Ẹnikẹ́ni lè bèèrè pé kí ló kan Ìjẹ̀bú nínú ọ̀rọ̀ èédú ilẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ilẹ̀ Enugu, Kogi, Benue, Nasarawa àti Gombe ni Ọlọ́run gbìn ín sí. Ó kàn wá gidigidi. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa yìí, ní Ìbèsè nílẹ̀ Yewa, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ńlá tí Dangote ṣí ní 2012, tí a kọ́ láti máa fi gáàsì dáná, ní láti yíjú sí èédú ilẹ̀ ní 2016, nígbà tí àwọn ajàjàgbara ń fọ́ ọ̀pá gáàsì ní agbègbè Niger Delta tí gáàsì sì di ohun tí a kò lè gbọ́kàn lé mọ́. Èédú tí wọ́n kọ́kọ́ fi dáná níbẹ̀, òkè òkun ni a ti kó o wá; ó di ẹ̀yìn ìgbà náà kí èédú Kogi tó rọ́pò rẹ̀. Èédú yòówù tó bá sì gba orí ilẹ̀ láti Enugu bọ̀ wá sí ìwọ̀-oòrùn, ọ̀nà Benin sí Ọ̀rẹ̀ sí Ṣágámù ni yóò gbà, ọ̀nà náà sì la ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá. Kò tán síbẹ̀. Ọ̀dà ilẹ̀ tí à ń pè ní bítúmẹ̀nì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa níhìn-ín: láti apá ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú ni ó ti nà gba ìpínlẹ̀ Òǹdó kọjá lọ dé Ẹdó, gígùn rẹ̀ sì tó nǹkan bí 120 kìlómítà. Láti 1908 ni ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Nigerian Bitumen Corporation ti gbẹ́ kànga wá epo lágbègbè Òkìtìpupa, kí ogun 1914 tó lé wọn lọ. Láti ìgbà náà ni a sì ti ń retí ẹni tí yóò kó ẹ̀rọ wá. Bí a bá ti ń ronú nípa èédú àwọn ẹlòmíràn ni a ó máa ronú nípa ọ̀dà tiwa, nítorí èrò kan náà ni ó ń darí méjèèjì.

Àwa Ìjẹ̀bú, ọmọ Aláre, kì í ṣe ẹni tí a ń kọ́ ní iyì owó. Ṣùgbọ́n àwa gan-an ni ó yẹ kí a mọ ibi tí agbára owó mọ. Kì í ṣe àìní owó ni ó bì wá ṣubú ní Ìmàgbọ̀n ní oṣù karùn-ún 1892. Àwọn baba wa ti ra ìbọn lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò etíkun, wọ́n sì pọ̀ ju ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí Kọ́nẹ́ẹ̀lì Scott kó wá lọ lọ́nà púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó rọ ìbọn Maxim tí wọ́n gbé wá bá wa jà mọ ohun tó rọ, ẹni tó ń ra ìbọn kò sì lè rí ju èyí tí ẹni tó ni ín bá fẹ́ tà fún un. Akíkanjú kò wọ́n ní Ìjẹ̀bú lọ́jọ́ náà, owó kò sì wọ́n. Ìmọ̀ tí ń bẹ lẹ́yìn ohun ìjà ni a kò ní, ìyẹn kò sì sí lórí àtẹ.

Ohun tí mo ń sọ kò ṣòro láti rí nínú ilé wa. Ẹ̀gẹ́ tí à ń gbìn ní Ìmùṣin kò dára ju ẹ̀gẹ́ àwọn ẹlòmíràn lọ, ilẹ̀ wa kò sì ní oògùn kan tí ilẹ̀ wọn kò ní. Ohun tó sọ gàrí Ìjẹ̀bú di ohun tí wọ́n ń wá kiri láti Èkó dé ìlú òyìnbó ni pé àwọn ìyá wa mọ iye ọjọ́ tí ó yẹ kí ẹ̀gẹ́ rírin lò nínú àpò lábẹ́ òkúta kí ó tó kan bó ṣe yẹ, wọ́n mọ bí omi rẹ̀ ṣe gbọdọ̀ jò tó, wọ́n sì mọ irú iná tó yẹ abẹ́ agbada kí gàrí náà tó gbẹ wínníwínní. Nígbà tí ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ dé, wọ́n tẹ́wọ́ gbà á, kò sì sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ra irú ẹ̀rọ kan náà, gàrí rẹ̀ kò sì di gàrí Ìjẹ̀bú. Bí a bá lè gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ rí, èwo ni ti èédú ilẹ̀ tí a ní kí ẹ̀rọ nìkan máa bá wa ṣe é?

Èédú ilẹ̀ kò jọ èédú ilẹ̀. Igi àti ewé ayé àtijọ́ ni, tó wó sínú ẹrẹ̀, tí iyanrìn àti òkúta sì tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún. Bí ẹrẹ̀ náà ti rí, bí ilẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ tó, bí ooru abẹ́ ilẹ̀ ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni omi inú rẹ̀, eérú inú rẹ̀, imí ọjọ́ inú rẹ̀ àti èéfín tí yóò jáde lára rẹ̀ yóò ṣe rí. Èédú Enugu ní imí ọjọ́ díẹ̀, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì yára gbiná. Ṣùgbọ́n bí a bá sè é nínú ààrò tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, kò ní yọ́, kò sì ní dì di kóòkù tí ń gbé òkúta irin dúró nínú ìléru. Èédú Lafia-Obi ní Nasarawa máa ń yọ́, ó sì máa ń dì, ṣùgbọ́n eérú àti imí ọjọ́ inú rẹ̀ pọ̀ jù. Ọmọ Nàìjíríà ni àwọn méjèèjì, síbẹ̀ ohun tó wo ọ̀kan sàn kò ní wo èkejì sàn.

Ẹ jẹ́ kí a wo fífọ èédú nìkan, èyí tí àwọn tí ń jiyàn kà sí ohun kékeré. Òkúta wúwo ju èédú lọ. Nítorí náà, bí a bá po omi pọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun òkúta irin dúdú tí òòfà ń fà, títí tí omi náà yóò fi wúwo ju omi lásán lọ ní nǹkan bí ìdajì, èédú yóò léfòó, òkúta yóò sì rì sísàlẹ̀; a ó ré èédú lójú omi, a ó sì fi òòfà gba ìyẹ̀fun irin wa padà. Ó rọrùn láti sọ. Ṣùgbọ́n bí wóró òkúta tí ń di eérú bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ inú èédú gan-an, kò ní rì, bẹ́ẹ̀ ni kò ní léfòó; àfi kí a kọ́kọ́ lọ̀ ọ́. Báwo ni kí ó ti kúnná tó? Bí kò bá kúnná tó, eérú kò ní bọ́. Bí ó bá kúnná jù, gbogbo rẹ̀ á di ẹrẹ̀ dúdú tí omi kò ní fẹ́ fi sílẹ̀ mọ́, a ó sì ní láti máa fi epo àti ìfóòfó gbé èédú jáde nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èédú kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìdáhùn tirẹ̀ sí ìbéèrè yìí, kò sì sí ìwé ìléwọ́ oníṣòwò kan tí a kọ ìdáhùn èédú Okaba ní Kogi tàbí ti Lafia sí. Kí oníṣòwò tó lè tà fún wa, ẹnìkan ní láti dán èédú náà wò. Bí a kò bá dán an wò fúnra wa, òun ni yóò bá wa dán an wò, òun ni yóò sọ àbájáde fún wa, òun náà ni yóò sì sọ iye tí a ó san. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin oníṣòwò Ìjẹ̀bú tí ẹ kì í ra àpò kòkó kan láìtọwọ́ bọ inú rẹ̀, ta ni nínú yín tí yóò gba irú ìdúnàádúrà bẹ́ẹ̀?

Àwọn tó ní ìwádìí kì í ṣe àṣà wa kò mọ ìtàn. Ní 1904, C. V. Bellamy, ẹlẹ́rọ òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Èkó, kọ ìròyìn kan fún ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ irin ní Ìlú Ọba nípa abúlé kan tí ń jẹ́ Ọlá-Ìgbì, nítòsí Ọ̀yọ́, níbi tí àwọn ènìyàn wa ti ń fi èédú igi yọ irin láti inú òkúta. Ó kọ bí wọ́n ti ń sun òkúta náà, bí wọ́n ti ń gún un lódó, tí wọ́n sì ń fọ̀ ọ́ nínú omi kí ìdọ̀tí tó fúyẹ́ lè ṣàn lọ, kí èyí tó wúwo sì kù. Ó kọ nípa ìléru tí a fi amọ̀ mọ. Òyìnbó mìíràn, Harbord, sì yẹ òkúta àti irin náà wò lọ́nà ti àwọn onímọ̀. Ẹ kíyè sí i: kí èyí tó wúwo àti èyí tó fúyẹ́ ya ara wọn nínú omi, òfin yìí kan náà ni wọ́n fi ń fọ èédú ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà títí di òní. Ta ni ó tà á fún àwọn ará Ọlá-Ìgbì? Kò sí ẹni tó tà á fún wọn. Wọ́n dán an wò, ó kùnà. Wọ́n tún un dán wò, ó yọrí sí rere. Baba sì fi lé ọmọ lọ́wọ́. Àwọn ọmọ Ògún ni wọ́n, ọmọ Lákáayé, Ọ̀ṣìnmọlẹ̀, onílé owó ọlọ́nà ọlà, wọn kò sì bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá ó yẹ aláwọ̀ dúdú kí ó mọ ohun tí ń bẹ nínú òkúta. Ìgbà tí irin olówó pọ́ọ́kú ti òkè òkun kún ọjà ni ìléru wọn kú, ìmọ̀ wọn sì bá a lọ. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ pé rírà là ń ra ẹ̀rọ wọlé dé sọ́dọ̀ wa.

Ìtàn Enugu ni ó yẹ kí a máa kà fún ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì gbà. Ní 1909 ni Albert Kitson àti àwọn tó ń bá a wá ohun àlùmọ́ọ́nì kiri rí èédú nílẹ̀ Udi, lágbègbè Enugu. Ní 1915 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wà á, ní 1916 ni ọkọ̀ ojú irin sì so ibẹ̀ pọ̀ mọ́ Port Harcourt. Èédú náà ni ó ń ti ọkọ̀ ojú irin kiri Nàìjíríà, òun ni wọ́n ń fi ọkọ̀ òkun gbé wá sí Èkó, ibùdó iná mànàmáná Ìjọ́rà tí a ṣí ní 1923 sì jẹ́ ibùdó tí ń fi èédú dáná. Àwọn awakùsà ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún un: ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1949, ọlọ́pàá yìnbọn fún wọn ní Iva Valley, ènìyàn 21 kú. Ní àyíká 1959, èédú tí ń jáde lọ́dún kan ti lé ní 900,000 tọ́ọ̀nù. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí jó rẹ̀yìn, àwọn ènìyàn wa sì ní epo rọ̀bì ni ó pa á, ogun abẹ́lé sì sin ín.

Ìdajì òótọ́ ni. Rélùwéè yí sí dísù, àwọn ibùdó iná yí sí gáàsì àti omi, ogun sì dé ní 1967. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé kí ló dé tí ọjà kan fi kú nítorí pé oníbàárà méjì kò wá mọ́. Ó kú nítorí pé fún àádọ́ta ọdún, bí èédú náà ti ń jáde nínú ihò ni a ń dà á sínú ọkọ̀, kò sí ẹni tó fi gbogbo ara wádìí ohun mìíràn tó lè dà: kò di kóòkù, kò di ìdáná aláìléèéfín fún àwọn ìyá wa, kò di ọ̀dà, kò di ajílẹ̀, kò di oògùn. Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ náà ní ìgbà ìjọba òyìnbó fẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin wọn rìn, ìyẹn ti tó wọn. A kò lè dá wọn lẹ́bi pé wọn kò ronú fún wa. Ẹ̀bi tiwa ni pé nígbà tó bọ́ sí wa lọ́wọ́, a kò bèèrè ju ohun tí wọ́n bèèrè lọ. Lẹ́yìn ogun, a mú àwọn ará Póláǹdì wá pẹ̀lú ẹ̀rọ ńláńlá láti máa wa èédú ní ihò Onyeama àti Okpara ní Enugu, ẹ̀rọ tí a ṣe fún ihò ìwakùsà ilẹ̀ wọn. Èso tí a retí kò so. Àwọn àgbà wa ti wí i: aṣọ àyálò kì í bá ni mu, bí kò fún ni lápá, a ṣo ni lẹ́sẹ̀, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Ti Ajáòkúta ni ó dùn mí jù. Ní 1979 ni ìjọba bá ilé iṣẹ́ Tyazhpromexport ti Sófíẹ́ẹ̀tì ṣe àdéhùn láti kọ́ ilé iṣẹ́ irin ńlá sí etí odò Ọya, ọ̀kan tí ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀ yóò máa pèsè 1,300,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n gbé ìléru dúró, wọ́n ṣe ààrò kóòkù, Ààrẹ Ṣàgàrí sì ṣí apá kan níbẹ̀ ní 1983. Ṣùgbọ́n èédú wo ni yóò jó nínú ìléru náà? Èédú Enugu kò dì, èédú Lafia kò mọ́. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ti pinnu pé láti òkè òkun ni a ó ti máa kó èyí tó pọ̀ jù nínú èédú rẹ̀ wá. Ẹ rò ó wò dáadáa, ẹ̀yin ènìyàn mi: orílẹ̀-èdè tó ní èédú lábẹ́ ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ bíi mẹ́wàá, tí ilẹ̀ Kogi gan-an tí Ajáòkúta wà kún fún un, kọ́ ìléru tí kò lè jó èédú tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe pé kò sí ẹni tó mọ ohun tí a lè ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéníyì Àfọ̀njá ní Yunifásítì Ifẹ̀ dán èédú Nàìjíríà wò, ó sì kọ̀wé lórí bí a ṣe lè lò ó fún irin. Àwọn onímọ̀ mìíràn ní Jos àti ní Enugu náà wádìí bí a ṣe lè po ọ̀kan mọ́ èkejì, bí a ṣe lè lọ èyí tí kò dì kí a sì fi ọ̀dà mọ ọ́n di ìṣù líle. Ìléru ti wà nílẹ̀ kí àwọn aláṣẹ tó fi ojú gidi wo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹṣin ni a kọ́kọ́ rà, lẹ́yìn náà ni a ń wá koríko tó lè jẹ. Títí di òní olónìí, ìléru ńlá Ajáòkúta kò tíì yọ irin kan ṣoṣo.

Àwọn alátakò mi a máa tọ́ka sí àwọn orílẹ̀-èdè tó lọ síwájú, pé ṣe bí wọ́n náà ra ẹ̀rọ. Wọ́n rà á lóòótọ́, n kò sì sọ pé kí a má rà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe rà á. Èédú Íńdíà kún fún eérú, eérú náà sì wọ ara rẹ̀ ṣinṣin, tó fi jẹ́ pé ọ̀nà tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń fọ èédú kò lè gbà á. Ní àkókò òmìnira wọn, ilé ìwádìí èédú wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀, nítòsí Dhanbad, láàrin àwọn ibi ìwakùsà gan-an, kí ẹni tó ń wádìí lè máa gbọ́ ìró iṣẹ́. Ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n dá Sasol sílẹ̀ ní 1950, wọ́n mú ọ̀nà tí Fischer àti Tropsch gbé kalẹ̀ ní Jámánì fún sísọ èédú di epo, wọ́n tún un ṣe kí ó bá èédú tiwọn tí eérú rẹ̀ pọ̀ mu, ní 1955 sì ni epo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn. Ìjọba tó ń ni àwọn ará wa lára ni ó ṣe é, n kò sì ní yìn ín fún ohun tó fi ìmọ̀ náà ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ayé kọ̀ láti ta epo fún wọn, ìmọ̀ èédú wà lára ohun tí wọ́n fi dúró. Àwa tí a jẹ́ ọmọ olóòótọ́, kí ni a ó fi dúró bí wọ́n bá kọ̀ láti tà fún wa?

Àríyànjiyàn kan tún wà tó lágbára ju èyí lọ, n kò sì fẹ́ fò ó dá. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó kàwé ń sọ pé èédú ti di ohun àná, pé èéfín rẹ̀ ń ba ojú ọjọ́ jẹ́, pé Ààrẹ Buhari ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ níwájú gbogbo ayé ní Glasgow ní 2021 pé nígbà tí yóò bá fi di 2060, èéfín tí Nàìjíríà ń tú sáfẹ́fẹ́ kò ní ju èyí tí a lè fà padà lọ. Kí wá ni a fẹ́ wádìí nínú ohun tó ń kú lọ? Mo bọ̀wọ̀ fún àníyàn wọn. Òjò wa ti yí padà, àgbẹ̀ Ìmùṣin sì mọ̀ ọ́n kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n láàrin ìsinsìnyí àti 2060, a óò sun èédú. Ní Ìbèsè, a ti ń sun ún. Ẹni tí yóò bá sun ún fún ogún ọdún sí i, ṣé kò yẹ kí ó mọ bí yóò ṣe sun díẹ̀ kí ó sì rí ooru púpọ̀? Omi tí ń ṣàn jáde láti ihò Onyeama tí a ti pa tì sì ń wọ odò Ekulu títí di òní. Ta ni yóò wò ó sàn? Ẹni tó mọ èédú náà ni. Kódà ẹni tó bá fẹ́ sin òkú yóò kọ́kọ́ mọ ẹni tó kú.

Nínú gbogbo iṣẹ́ èédú, kíkó o pamọ́ àti gbígbé e ni ọ̀rọ̀ ìwádìí wa kéré sí jù, níbẹ̀ náà ni ewu sì pọ̀ sí jù fún àwọn tí kò rí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Irú èédú tiwa, tó rọ̀ tó sì ń rún, a máa gba afẹ́fẹ́ sára, ara rẹ̀ á máa gbóná láìsí ẹni tó fi iná sí i; bí a bá kó o jọ gàgàrà, tí òjò pa á lóru tí oòrùn sì sá a lọ́sàn-án, àárín òkìtì náà lè gbiná fúnra rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n a máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má rí ọ̀nà wọ̀, wọn a jẹ́ kí òkìtì rẹ̀ kúrú, wọn a sì máa wọn ooru inú rẹ̀. Òkìtì gíga wo ni ó tọ́ ní ilẹ̀ tí òjò ń rọ̀ bíi tiwa? Ìwé tí a kọ ní ilẹ̀ òtútù kò lè sọ ọ́ fún wa. Nínú ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì, èédú ní láti kúnná kí ó tó wọ ààrò, eruku rẹ̀ sì lè bú gbàmù bí iná bá kàn án nínú ẹ̀rọ ìlọ̀. Eérú rẹ̀ a sì wọ inú sìmẹ́ńtì fúnra rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí èédú bá yí padà láti ibi ìwakùsà kan sí òmíràn, ó yẹ kí ìwọ̀n òkúta àti amọ̀ tí wọ́n ń pò náà yí padà. Ti ọ̀nà ńkọ́? Àwọn àgbà ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ní ti èédú, ẹni tí kò da ohunkóhun ni eérú ń tọ̀: ìyá tó ń sá ẹ̀gẹ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà, ọmọ tó ń rìn lọ sí ilé ẹ̀kọ́, awakọ̀ tí eruku ti kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kí ó tó di arúgbó.

Mo mọ̀ pé wọn yóò sọ pé ìwádìí tí a ti ṣe, inú àpótí ni ó wà. Òótọ́ ni, ó sì bà mí nínú jẹ́. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ní Ifẹ̀ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégòkè rin igbó Òǹdó àti Ìjẹ̀bú, wọ́n yẹ ọ̀dà ilẹ̀ náà wò, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀; síbẹ̀ ọ̀dà ni a ṣì ń fi ọkọ̀ òkun gbé wá láti tẹ́ ọ̀nà tó gba orí ọ̀dà tiwa kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ta ni? Ẹni tó se ọbẹ̀ ti sè é. Ẹni tó yẹ kó jẹ ẹ́ ni ó jókòó sí ìta, tó ń wo ọ̀nà òkèèrè. Ìwádìí kì í jáde nínú àpótí fúnra rẹ̀. Òfin ni í fà á jáde, òfin tí yóò sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wa èédú tàbí ọ̀dà, tàbí tó fẹ́ jó o, tàbí tó fẹ́ ta ẹ̀rọ rẹ̀ fún ìjọba, gbọdọ̀ mú àbájáde ìdánwò wá láti yàrá ìwádìí ilẹ̀ yìí, kí ó sì san owó rẹ̀.

Ní Ìjẹ̀bú, a kò ní láti dúró de Àbújá. Yunifásítì Olábísí Ọ̀nàbánjọ wà ní Àgọ́-Ìwòyè, kò jìnnà sí Ìmùṣin, wọ́n sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta níbẹ̀. Ohun tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìdánwò èédú kò ju ààrò kékeré tí a lè díwọ̀n ooru rẹ̀, òṣùwọ̀n tó péye, àti ìkòkò amọ̀ funfun tí iná kì í fọ́. A ó lọ èédú, a ó wọ̀n ọ́n, a ó mú un gbẹ nínú ooru tó lé díẹ̀ ní 100 °C, a ó tún un wọ̀n, omi inú rẹ̀ á fara hàn. A ó jó o tán, a ó wọn ohun tó kù, eérú rẹ̀ á fara hàn. Ti imí ọjọ́ gba ohun èlò tó lé díẹ̀ sí i, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ bíbí ìlú wa nílé àti lókè òkun sì ní agbára láti rà á bí wọ́n bá fẹ́. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èédú tó ń wọ ìpínlẹ̀ Ògùn lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n mú ọ̀dà apá ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú tẹ̀ lé e. Ìwé àbájáde àkọ́kọ́ kò ní láti gùn. Kí a tẹ̀ ẹ́ ní èdè Yorùbá, kí a fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọba ìlú kọ̀ọ̀kan tó wà lẹ́bàá ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ sí Ṣágámù, kí ó lè ṣí i níwájú ẹnikẹ́ni tó bá wá tọrọ ilẹ̀ tí yóò máa kó èédú jọ sí, tó sì ń sọ pé eruku èédú òun kì í pa ènìyàn lára.